Ìdérí Tí Ọwọ́ Kan Lè Ṣí

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé epo pupa tèmi wọ ọkọ̀ ojú omi ní Igbókòdá, Yèyé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ní kí n tú ọ̀rá tí mo fi di ẹnu àwọn kẹ́ẹ̀gì náà pinpin. Òun ló fún mi ní epo ọ̀hún kí n fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

"Yèyé, epo á máa jò."

"Jẹ́ kó jò. Ọma mi, ìdérí tí ọwọ́ kan ò lè ṣí, a kì í gbé e wọ ọkọ̀."

Inú bí mi. Ọ̀pẹ ò pọ̀ lọ́dọ̀ àwa ará etí omi. Ẹja là ń gbé lọ sókè, epo là ń gbé bọ̀. Gbogbo ìkòkò ọbẹ̀ láti Mahintedo dé Etikan, ọwọ́ àwa aláròóbọ̀ ló ń wò. Ṣé inú omi ló wá yẹ ká máa kán an sí ni?

Tíṣà kan bá wa wọkọ̀, ará Ọ̀yọ́, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí Molutehin. Ó di etí ọkọ̀ mú gírígírí. Kó lè gbàgbé ẹ̀rù, ó ń sọ fún wa pé kò síbi tí epo ọ̀pẹ ò dé láyé: ọṣẹ òyìnbó, bisikíìtì, ìpara, òun náà ni.

Yèyé ní, "Kó kọ́kọ́ dé Molutehin ná, Tíṣà."

Ó kù díẹ̀ ká débẹ̀ ni ọkọ̀ ńlá àwọn oníṣẹ́ epo rọ̀bì kan sáré kọjá. Ìgbì rẹ̀ dojú ọkọ̀ wa dé. Èmi àti Yèyé mọ lúwẹ̀ẹ́; Tíṣà ò mọ̀ ọ́n rárá. Ọkọ̀ ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbá kẹ́ẹ̀gì kan mú, àmọ́ kẹ́ẹ̀gì tó kún fún epo, ọrùn rẹ̀ nìkan ló máa ń yọ síta. Òun àtirẹ̀ jọ ń rì ni.

Yèyé ké sí mi, "Ṣí i! Dà á nù!"

Epo mi! Ó dùn mí wọra, n ò ní purọ́. Mo gbé ẹnu kẹ́ẹ̀gì kan lé ẹ̀yìn ọkọ̀, mo fọwọ́ kan ṣí i, mo dà á nù, mo dé e padà, mo sì tì í sábẹ́ àyà Tíṣà. Ọ̀kan ò tó. Èkejì náà ò tó. Nígbà tó fi léfòó dáadáa, omi ti pọ́n yí wa ká, ìyókù kẹ́ẹ̀gì sì ti bá omi lọ.

Kò pẹ́ tí àwọn apẹja Molutehin fi yọ, tìbínú-tìbínú. Wọ́n rí epo lójú omi, wọ́n rò pé páìpù epo rọ̀bì ló tún bẹ́.

"Ta ló tún ba omi wa jẹ́?" Ọ̀kan nínú wọn ti ìka bọ omi, ó tọ́ ọ wò. "Há! Epo ọbẹ̀ mà ni!"

Ìgbà náà ni wọ́n rí wa. Bí wọ́n ṣe ń fà wá wọkọ̀ ni wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹja á ti di díndín kó tó wọ àwọ̀n.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, mo jókòó sétí iná, mo ń sunkún epo. Yèyé ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

"Yèyé, epo ni, kì í ṣe omi."

"Agbè náà ńkọ́?" Ó nawọ́ sí Tíṣà, tó ń jẹ ẹ̀bà bí ẹni tí kò rí oúnjẹ rí.

Ẹja ni mo fi tún òwò bẹ̀rẹ̀, mo sì ṣòwò epo títí mo fi dàgbà. Orúnkún ò jẹ́ kí n wọkọ̀ mọ́ báyìí. Ọmọ Tíṣà, tí wọ́n bí sí Molutehin níbẹ̀, ló gba òwò lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀, ó fi ọ̀rá di gbogbo kẹ́ẹ̀gì pinpin. Mo ní kó tú u.

"Màmá, epo á máa jò."

"Jẹ́ kó jò," ni mo wí. "Ká ní kò rí ọ̀nà jáde lọ́jọ́sí, wọn kì bá tí bí ọ."