Ohùn Alùpùpù Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ fún mi láyè díẹ̀, kí n ròyìn bí alùpùpù kan ṣe fojú mi rí màbo ní Abobo, àdúgbò kan ní ìlú Abidjan ní Ivory Coast, ní nǹkan bí ọdún 2003. Ẹ lè rẹ́rìn-ín o. Èmi náà ti ń fi ara mi rẹ́rìn-ín báyìí, ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ẹ̀rín kọ́ ló ń pa mí!

Iṣẹ́ mi nígbà náà ni kí n máa gbé ẹ̀yà ara ọkọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù Alhaji kan ní Adjamé lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ káàkiri Abidjan. Alùpùpù ni mo fi ń ṣe é. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, èmi ní kí n dúró, kí ọ̀nà oúnjẹ wa má baà dí. Tí alùpùpù yẹn bá kú, iṣẹ́ kú nìyẹn, màá sì di ẹrù mi lọ bá wọn pẹ̀lú ọwọ́ òfo.

Ẹni tó máa ń bá mi tọ́jú rẹ̀ ni Bọ̀dá Ráṣídì, mẹkáníìkì ọmọ ìlú wa, tó mú mi bí àbúrò. Òun náà bá àwọn tó ń lọ sílé lọ. Kó tó lọ, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì, bí wọ́n ṣe ń fa ṣéènì, àti bí wọ́n ṣe ń wọn àlàfo fáàfù, àwọn ọmọrí kékeré tó ń ṣí tó ń pa lórí ẹ́ńjìnnì.

Bíléèdì tí wọ́n fi ń fá irùngbọ̀n ni Bọ̀dá fi ń wọn àlàfo yẹn. Ó ní bí bíléèdì ṣe nípọn mọ gan-an ni àlàfo náà ń fẹ́, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Èmi ni mo máa ń di bíléèdì mú fún un, nínú bébà rẹ̀, kó má baà gé mi lọ́wọ́. Tí ó bá ti na ọwọ́ sẹ́yìn, màá gbé e lé e lọ́wọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn o.

Ó di ọjọ́ Àìkú kan, mo tọ́jú alùpùpù mi fúnra mi. Mo da ọ́ìlì àtijọ́ nù, mo rọ tuntun, mo fa ṣéènì, mo ra bíléèdì tuntun, mo wọn fáàfù méjèèjì. Mo nu ọwọ́ mi pẹ̀lú ìgbéraga, mo wá fẹsẹ̀ ta á kó dún.

Tá-tá-tá-tá!

Mo pa á, mo tún fẹsẹ̀ ta á. Tá-tá-tá-tá! Kí n tó fọwọ́ kàn án láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, jẹ́jẹ́ ló ń dún. Ṣé ìtọ́jú ló wá ń fa àìsàn ni? Mo wo ọ́ìlì, ó pé. Mo dẹ ṣéènì, mo tún ibi tí páìpù èéfín ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì dè. Mo tún fáàfù wọ̀n, ó bá bíléèdì mu rẹ́gí. Mo ní kì í ṣe ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo ọlọ́gbọ́n!

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì kan nítòsí gáàrì, ìyẹn ibùdókọ̀. Kò tíì gbọ́ ọ tán tó fi ní àfi kí òun tú gbogbo ẹ́ńjìnnì palẹ̀, títí dé ikùn rẹ̀. Mo bi í pé ọjọ́ mélòó, ó ní ó di ìgbà tí òun bá rí inú rẹ̀. Mo wo àwọn ẹ́ńjìnnì tó ti tú sínú abọ́ yí i ká, eruku ti bo òmíràn nínú wọn. Mo rọra ti alùpùpù mi padà sílé.

Alhaji ò bínú. Ó kàn ní òun á fi iṣẹ́ náà dúró dè mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn ìyẹn òun á gbé e fún ẹlòmíràn, torí àwọn oníbàárà ò lè dúró. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí jù.

Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń san owó pe tẹlifóònù, mo pe Bọ̀dá Ráṣídì lórí fóònù aládùúgbò rẹ̀ kan. Ẹnu mi ni mo fi ń ṣàfarawé ẹ́ńjìnnì fún un. Ẹ fojú inú wò mí, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, mo ń ké tá-tá-tá sínú fóònù, gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn mi ń wò mí! Bọ̀dá ní òun ò lè fi ẹnu mi wo ẹ́ńjìnnì sàn. Ó ní kí n gba ohùn rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, kí n fi ránṣẹ́.

Àwa tí a wà lẹ́yìn odi nígbà yẹn, kásẹ́ẹ̀tì ni lẹ́tà wa. Ìyàwó mi ti fi méjì ránṣẹ́ sí mi rí. Mo wá fi ọwọ́ òsì di rédíò mú, mo fi ọwọ́ ọ̀tún fún alùpùpù níná, mo gbà á sílẹ̀ ní àárín ọgbà wa lọ́sàn-án gangan. Ìyá kan tó ń tajà ní àdúgbò Treichville ń lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi mú un dání.

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo dá wà. Gbáká, bọ́ọ̀sì kékeré wọn, ni mo ń wọ̀ lọ, ìwọ̀nba ẹrù tí mo lè gbé ni mo ń gbé. Tí mo bá dé ní ìrọ̀lẹ́, màá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ ta alùpùpù, bóyá ariwo rẹ̀ ti lọ, lẹ́yìn náà màá ti kásẹ́ẹ̀tì ìyàwó mi bọ rédíò. Ibì kan wà níbẹ̀ tí àbíkẹ́yìn wa kò mọ ohun tó máa sọ, tó kàn ń mí. Ibẹ̀ ni mo máa ń dá a padà sí. Ó ṣe mí bíi kí n sunkún, mo sì sunkún.

Yàrá mẹ́jọ ló wà nínú ọgbà wa, ṣùgbọ́n n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ló mọ gbogbo wọn. Nígbà tó lọ, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí pé ìgbà wo ló ń bọ̀, ó sì sú mi láti máa dáhùn. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dé akoto alùpùpù láti inú yàrá, kí n tó ṣílẹ̀kùn, kí wọ́n má baà bi mí ní nǹkan kan. Ọmọ Yorùbá tí kì í kí èèyàn! Ká ní ìyá mi gbọ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí kásẹ́ẹ̀tì tó padà dé. Bọ̀dá ti gba ohùn tirẹ̀ sí ojú kejì rẹ̀. Ó ní:

"Múrí, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ikùn ẹ́ńjìnnì yẹn. Orí ló ń fọhùn. Bóyá fáàfù ni, bóyá ibi tí páìpù ti so mọ́ ọn ni. Wá ẹnì kan tó máa bá ọ fún un níná, kí ìwọ fi ẹnu sukurudiráfà kàn án níbẹ̀ níbẹ̀, kí o gbé etí lé ìdí rẹ̀. Ibi tó bá ń kàn ọ́ létí, ibẹ̀ ni."

Mo rò pé ó ti parí, àfi bó ṣe tún ní:

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yìí. Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì, mo gbọ́ àkùkọ, mo gbọ́ ẹni tó ń gún nǹkan lódò. N kò gbọ́ ẹni tó kí ọ. Múrí, ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

Mo pa rédíò. Wá ẹnì kan, ó ní. Ta ni màá wá?

Ó tó wákàtí kan tí mo fi jókòó síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù lára ọ̀sẹ̀ mẹ́ta Alhaji. Mo dìde, mo lọ kan ilẹ̀kùn tó dojú kọ tèmi. Bàbá àgbà kan ló ń gbébẹ̀, Tonton Yapi (Tonton ni àǹkù lédè Faransé), ọmọ ilẹ̀ Ivory Coast, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní èbúté ọkọ̀ ojú omi. Òun nìkan ló ń gbé. Faransé la fi sọ̀rọ̀. Mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì pé n kì í kí i, ó ní kí n sọ ohun tó gbé mi wá.

Ó jáde, ó di ọwọ́ alùpùpù mú, ó fún un níná bí ọ̀dọ́kùnrin. Mo fi sukurudiráfà kan ìdí páìpù, kẹ́kẹ́ pa. Mo gbé e kan ibi fáàfù, ló bá ń gbá mi létí: tá-tá-tá!

Mo ní kò lè jẹ́ ibẹ̀, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Tonton ní kí n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí n fi bí mo ṣe wọ̀n ọ́n han òun. A jókòó, ó gbé attiéké, oúnjẹ tí wọ́n ń fi gbágùúdá ṣe, àti ẹja wá, a jọ jẹ ẹ́. N kò rántí ìgbà tí mo bá ẹnìkan jẹun kẹ́yìn.

Nígbà tó tutù, mo tú ìdérí rẹ̀, mo mú bíléèdì, mo tì í sínú àlàfo. Tonton tẹjú mọ́ ọn.

"Et le papier?" ló bi mí. Bébà ńkọ́?

Mo ní bébà rẹ̀ nìyẹn, inú rẹ̀ ló máa ń wà. Ó mi orí. Ó ní ọgbọ̀n ọdún lòun fi wọn àpò kòkó ní èbúté, wọn kì í sì í ka àpò mọ́ kòkó.

Ojú tì mí! Èmi ni mo máa ń di bíléèdì mú nínú bébà, ṣùgbọ́n tó bá ti dé ọwọ́ Bọ̀dá, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń rí. N kò rí i rí tó ń yọ bébà kúrò. Àlàfo tí mo fi sílẹ̀ ti fẹ̀ jù, bí ìlọ́po bébà náà ṣe nípọn tó.

Mo bọ́ bébà, mo tún méjèèjì wọ̀n, mo dì í, mo fẹsẹ̀ ta alùpùpù. Jẹ́jẹ́. Mo fò sókè, mo dì mọ́ bàbá olóbàbá!

Tonton rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní ó dun òun díẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé.

"Ariwo yẹn dára fún mi," ló wí. "Tí mo bá ti gbọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́, mo mọ̀ pé o ti délé láyọ̀. Kó tó bẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́ lo máa ń wọlé, àfi kí n máa fetí sílẹ̀ gan-an."

Odindi ọdún kan ni mo fi ń rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá mo wọlé tàbí n kò wọlé. Ẹnì kan ń fetí sílẹ̀ fún mi lódìkejì ilẹ̀kùn, èmi sì ń dé akoto!

Mo gun alùpùpù mi padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá dé, màá ṣí akoto lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, màá kan ilẹ̀kùn Tonton kí n tó dé tèmi. Kásẹ́ẹ̀tì tí mo fi ránṣẹ́ sí Bọ̀dá lẹ́yìn náà, ẹ́ńjìnnì ò pọ̀ níbẹ̀. Ohùn Tonton ló kún un, ó ń gbìyànjú láti sọ pé "Ẹ kú ilé o," ó ń ṣì í sọ.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó bá dá wà, kí ó kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò, bóyá òun ló wé bébà mọ́ra. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi? Ta ló mọ ìró ẹsẹ̀ yín tí ẹ bá ń wọlé, ṣé ẹ sì ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀ rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, màá ka gbogbo rẹ̀.