Ajá Tánganran Méjì Ojú Fèrèsé Thyra Brinch

Fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ajá tánganran méjì fi kọjú sí òpópónà lójú fèrèsé ilé Thyra Brinch ní Nordby, ní erékùṣù Fanø. Funfun ni wọ́n, etí wọn pọ́n rúsúrúsú, ẹ̀wọ̀n wúrà tín-ín-rín tí wọ́n fi ọ̀dà yà sì wà lọ́rùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Baba ọkọ rẹ̀ ló rà wọ́n bọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ṣì ń lo ìgbòkun. Kò sí ọmọ Nordby tí kò mọ ohun tí irú ajá bẹ́ẹ̀ ń wí. Bí baálé ilé bá bá ọkọ̀ lọ sójú òkun, ìyàwó a yí wọn kọjú síta. Lọ́jọ́ tó bá dé, a yí wọn kọjú sínú yàrá. Ẹni tó bá ń kọjá lọ kò tún ní í béèrè ohunkóhun mọ́.

Anker Brinch, ọkọ Thyra, ni igbákejì ọ̀gá nínú ọkọ̀ kékeré kan tó ń kó sìmẹ́ǹtì. Ní oṣù kejì ọdún 1972, inú rírun kọlù ú lójú òkun, wọ́n sì sáré gbé e sọ̀kalẹ̀ ní Visby, ìlú olódi àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Sweden. Ọjọ́ kẹta ló kú. Yìnyín àti ìjì dínà lọ́sẹ̀ náà. Ọkọ̀ ojú omi kò lọ, ọkọ̀ òfuurufú kò fò. Kí Thyra tó rí ọ̀nà, wọ́n ti sin ín. Nígbà náà ló sọ fún àwọn obìnrin àdúgbò pé òun kò ní í yí ajá náà padà, àfi lẹ́yìn tí òun bá dúró níwájú ibojì ọkọ òun, tí òun sì fi ojú ara òun ka orúkọ rẹ̀ lára òkúta. Wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ọjọ́ náà ló ń sọ̀rọ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì ni Thyra ń tà títí ó fi fẹ̀yìntì. Inú àgọ́ onígíláàsì kan ló ń jókòó sí ní èbúté, tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ń sọdá omi sí ìlú Esbjerg, ìrìn ọkọ̀ ìṣẹ́jú méjìlá péré. Àìmọye ènìyàn ló rán lọ sí ìrìn àjò. Òun fúnra rẹ̀ kì í ré kọjá Esbjerg. Àwọn obìnrin ìgbà náà mọ bí a ti í dúró de ènìyàn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ wọn, bí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní aṣọ híhun. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn ni bí a ti í dẹ́kun dídúró.

Nígbà tó di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni oníṣègùn ojú sọ fún un pé àárín ojú rẹ̀ méjèèjì ń kú lọ. Yóò máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí nǹkan díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọdún mìíràn tó yí po, kò ní í lè ka ìwé mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ló lọ ra àyè nínú ọkọ̀ afẹ́ ńlá kan tó máa ń kárí àwọn ìlú èbúté àtijọ́: Lübeck, Gdańsk, Visby, Tallinn.

Inger Svarrer, aládùúgbò rẹ̀ tó fi ọdún mẹ́wàá kéré sí i, kò rí orí ọ̀rọ̀ náà.

"Ẹ̀gbọ́n Thyra, ọkọ̀ tó ń lọ sí Visby tààrà wà ní Sweden lójoojúmọ́. Kí lẹ fẹ́ máa wá láàárín àwọn arúgbó tó ń jó?"

"Ṣé èmi náà jẹ́ ọmọdé ni?"

"Ẹ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́."

"Bí mo bá lọ tààrà, ibojì ni mò ń lọ wò. Ẹsẹ̀ mi ò ní gbé e. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ṣe ni mò ń kọjá lọ pẹ̀lú èrò, tí mo kàn yà kí i, bóyá mo lè ṣe é."

Inger na bébà kan sí i. "Ó dáa. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dé ibẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Èmi á máa bá yín nu eruku ilé."

Thyra kọ ọ́ gàdàgbà sórí bébà: Visby, Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà. Inger fi ìṣó kàn án mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù rẹ̀. Ní ti Thyra, ó di búrọ́ọ̀ṣì onírun líle kan sínú báàgì ọwọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀bẹ kúkúrú tí yóò fi ha ewédò kúrò lójú lẹ́tà.

Nínú ọkọ̀, tábìlì kan náà ni wọ́n fi òun àti Holger Ravn sí. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni Holger, ará Ribe. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá jáde lẹ́nu ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ tún ṣe.

"Ìyáàfin Brinch, ẹ ò ra nǹkan kan ní Lübeck, ẹ ò sọ̀kalẹ̀ rárá ní Gdańsk. Ṣé àwọn ìlú yìí ò tó yín wò ni?"

"Visby ni mò ń tọ́jú ẹsẹ̀ mi dè, Tíṣà."

"Kí ló wà ní Visby tí kò sí ní Gdańsk?"

"Ọkọ mi."

"Áà, kó má lọ ti sú u láti máa dúró dè yín."

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń dúró."

Holger gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Màá sìn yín dé ibẹ̀. Bí lẹ́tà bá ti parẹ́ lára òkúta, mo lè kà á."

"Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ kà á."

"Nígbà náà, màá bá yín di agboòrùn mú."

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Thyra ti wọ kóòtù, ó ti gbé báàgì kọ́ apá, ó sì ti dúró sórí ọkọ̀ kí wọ́n tó gbé oúnjẹ àárọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tí ohùn ọ̀gá ọkọ̀ fi jáde láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ọkọ̀ ńlá bí èyí kò lè wọ èbúté Visby, ó ní. Ọkọ̀ kéékèèké ló ń kó èrò lọ sí etíkun, ìgbì tí afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn gbé dìde kò sì ní jẹ́ kí wọ́n sọ wọ́n kalẹ̀ lónìí. Tallinn ló kù. Olúkúlùkù èrò yóò gba ife wáìnì kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sàn-án. Àwọn èrò kùn díẹ̀, wọ́n sì lọ jẹun.

Thyra lọ bá ọ̀dọ́bìnrin tó jókòó sídìí tábìlì ìgbàlejò.

"Ọmọ mi, èmi nìkan ni. Mi ò sì wúwo."

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Ìgbì yẹn ló burú."

"Mo mọ ìgbì. Fanø ni wọ́n bí mi sí."

Ọmọ náà na bébà tí wọ́n fi ń gba wáìnì sí i. Thyra gbà á, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sínú báàgì sẹ́gbẹ̀ẹ́ búrọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí ìlú náà yọ lókèèrè, Holger ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú awò awọ̀nàjíjìn rẹ̀. "Odi ìlú nìyẹn. Ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, orí wọn dúdú."

"Itẹ́ òkú ńkọ́? Ẹ̀yìn odi ló wà."

"Mo rí igi."

"Ibojì ńkọ́?"

Ọkùnrin tó ti ń tún ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn ṣe láti ọjọ́ mẹ́rin la ẹnu láti sọ ohun tí kò rí.

"Ẹ má parọ́ fún mi, Tíṣà. Kò bá yín mu."

"Igi nìkan ni mo rí," ni ó wí.

Bí Thyra bá wo Visby lójúkorojú, èéfín tó wà láàárín ojú rẹ̀ a gbé ìlú náà mì. Bó bá wo ẹ̀gbẹ́, díẹ̀ nínú odi a yọ. Nítorí náà ó kọjú sí agbami, kí ó lè rí ìlú tí ọkọ rẹ̀ sùn sí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dúró títí wọ́n fi kọjá.

Nígbà tó padà dé Esbjerg, ọmọge kan tó wà nínú àgọ́ onígíláàsì bíi tirẹ̀ àtijọ́ ló já tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Ó sọdá, ó ń wọ́ àpótí rẹ̀ gba òpópónà tóóró náà lọ. Nígbà tó ku bí ilé mẹ́ta, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, bó ti kọ́ láti máa ṣe, kó lè rí fèrèsé. Ẹ̀yìn ajá ló rí. Ẹ̀yìn funfun méjì.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ yára kí ọkàn rẹ̀ tó mọ ìdí. Ó fi àpótí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó fi ọwọ́ tẹ irun rẹ̀ sábẹ́ ìborùn, ó ṣí ilẹ̀kùn, ẹnu rẹ̀ sì ti là láti pe Anker kí ó tó rántí.

Inger jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú kọfí gbígbóná. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé òkúta náà ṣì dúró dáadáa?"

"Ta ló yí wọn?"

"Èmi ni. Mo wo bébà yín lọ́jọ́ Ọjọ́rú, mo ní ẹ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ wọlé kẹ́ ẹ tún dá ìyẹn ṣe."

"A ò dé ibẹ̀, Inger. Afẹ́fẹ́ ò gbà."

Inger gbé àwo kọfí kalẹ̀. "Ẹ jẹ́ n tètè yí wọn padà."

"Fi wọ́n sílẹ̀. Jókòó."

Wọ́n mu kọfí. Lẹ́yìn náà Thyra wí pé, "Nígbà tí mo rí ẹ̀yìn wọn láti ìta, mo rò pé ó ti dé ni."

Inger fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó ń bọ̀, àwa méjèèjì la jọ máa lọ."

"A ó lọ. Ìwọ lo máa kà á sí mi létí."

Thyra dìde. Ó fi ọwọ́ wá ajá tó wà lápá òsì, ó gbé e sókè, ó sì yí i kọjú sí òpópónà bó ti wà tẹ́lẹ̀. Kò yí ìkejì padà, ó kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí.

"Ti Anker nìyẹn, èyí ni tèmi," ni ó wí. "Mo lọ sójú òkun, mo sì ti dé."

Láti ọjọ́ náà ni ajá kan ti ń wo inú ilé, tí ìkejì ń wo ìta. Àwọn ará Nordby tó ń kọjá máa ń dẹ ẹsẹ̀ níwájú fèrèsé náà. Wọn kò rí irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn láti béèrè.