Ẹni Tó Dá Mi Lóhùn Lábẹ́ Adágún

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ìyàwó mi gan-an ò gbà mí gbọ́, bẹ́ẹ̀ òun ló kọ́kọ́ rí ẹja náà.

Àwọn ará yunifásítì kan wá sí adágún tó wà lẹ́yìn ìlú wa, Ẹrúnmú, wọ́n fẹ́ wú ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan tó ti rì sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi. Bàbá Ìyá Àṣàkẹ́ ló ń tù ú, tó fi rì tòun tọkọ̀ nígbà tí Ìyá Àṣàkẹ́ ṣì wà nínú ikùn ìyá rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ìyá arúgbó yìí ń jókòó sétí omi. "Ẹ bá mi rí ibi tí bàbá mi sùn sí, kí èmi náà tó sùn."

A ò rí nǹkan kan. Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí ló kẹ́yìn. Àwọn àlejò ti ń palẹ̀ ẹrù.

Èmi tíṣà ni mo di okùn tí wọ́n so mọ́ Kúnlé òmùwẹ̀ lára mú, nínú ọkọ̀ tiwa lójú omi. Tó bá fà á lẹ́ẹ̀kan, àlàáfíà ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá, a kì í rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ká má kí i. Tó bá ti fà á, màá pariwo, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi!"

Nírọ̀lẹ́, okùn mì. Mo kí i. Ó tún mì. Mo tún kí i.

"Tíṣà," ẹnì kan sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn mi, "ta lẹ̀ ń kí?"

Kúnlé ni! Ó ti tú okùn kúrò lára, ó ti gba ẹ̀yìn ọkọ̀ gòkè, ó ń jẹ gúgúrú.

Ẹ gbà mí gbọ́, okùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó le bí ẹni tínú ń bí. Ọkọ̀ wa ń yí.

Ìyá Àṣàkẹ́ dìde létí omi. "Tíṣà! Orí ìjókòó lo ti ń kí bàbá mi?"

Kíá ni mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ọkọ̀, àyà mi nínú omi ẹja. Okùn dẹ̀. Ó wá fà lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́.

Kúnlé tẹ̀ lé okùn wọ omi lọ. Ó ní kò so mọ́ nǹkan kan, àmọ́ orí ọkọ̀ àtijọ́ náà gan-an ni ìdí rẹ̀ balẹ̀ sí. Ìyá jó títí gèlè fi bọ́, gbogbo wa bá a jó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó mi figbe ta ní kíṣìnnì. "Bàbá Tọ́pẹ́, ìgbà wo lẹ lọ pẹja?" Ẹja àrọ̀ ńlá kan ń lúwẹ̀ẹ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi mímu wa, bẹ́ẹ̀ ọmọrí ẹ̀ dé digbí.

Ó ti ń wá ọ̀bẹ. Mo ní kó dúró ná. Mo dọ̀bálẹ̀ síwájú bọ́kẹ́ẹ̀tì. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá."

Ẹja náà fi ìrù gbá bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹ rọra. Tẹ́ ẹ bá máa kí ẹnikẹ́ni létí adágún yẹn, ẹ má jókòó kí i.