Ọjọ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Wọ Ọjà Igbó

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, kò sí ọmọ tó gbọ́n tó mi ní gbogbo àdúgbò wa ní Ọ̀yọ́. Ẹ má wulẹ̀ wá ẹlẹ́rìí, èmi nìkan ni mo mọ̀. Ọlọ́gbọ́n yìí kan náà ló fi iléèwé sílẹ̀ ní fọ́ọ̀mù tú. Wọn ò lé mi o. Mi ò kàn lọ mọ́ ni, ó sì pẹ́ kí tíṣà tó rí i pé àyè kan ṣófo.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ fi igi lé táyà kiri òpópónà, tẹ́ ẹ mu gàrí tútù láyé Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ búrẹ́dì di ohun àdúrà, ẹ ó rántí ìgbà yẹn. Yàrá kan lèmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Bùọ̀dá Débọ̀, ń gbé. Ó wà níléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, ìyá wa sì rán mi sí i láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí n lọ máa ṣiṣẹ́ ilé fún un, kóun náà máa kọ́ mi níwèé. Èmi ni mò ń pọnmi, èmi ni mò ń fọ abọ́, èmi ni mò ń tẹ ẹ̀bà tó máa ń le bíi bíríkì. Bí mi ò bá gba ìṣirò, á fi rúlà gbá mi lórí ìka. Tó bá yá, á ra gúgúrú fún mi, á ní, "Olódo, jẹ ẹ́."

Nígbà tó ṣe, kò wẹ̀ mọ́. Èmi náà ò fẹ́ràn ìwẹ̀, mo rò pé ìmọ̀ràn mi ló gbà. Ó fi òwú di etí. Ó kọ ojú rédíò sí ògiri, ó ní ọkùnrin tó ń ka ìròyìn ń dárúkọ òun. Ó ní àwọn ará ilé ń fi nǹkan sínú omi tí mò ń pọn, kò mu ún mọ́. Kò jẹ ẹ̀bà mi mọ́ náà. Lórí ẹ̀bà ṣá, mi ò dá a lẹ́bi. Á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á máa dá ẹnì kan tí mi ò rí lóhùn ní òyìnbó, á rẹ́rìn-ín, á dákẹ́, á tún dáhùn. Èmi wá ń fọ́nnu fáwọn ọmọ ìta pé ẹ̀gbọ́n mi ti kàwé débi pé ó ń bá ìwé jiyàn.

Èyí tó dùn mí jù ni pé kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá kí i, á wò mí bí ẹni ń wo àlejò tí kò sọ orúkọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ìṣirò lódìlódì, mo na ìka síwájú ẹ̀. Kò gbá mi. Ẹ gbà mí gbọ́, inú mi ò bàjẹ́ báyẹn rí torí pé wọn ò nà mí.

Ìyá wa ló wá kó wa lọ sílé, sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ wá: kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ, wọ́n á kọ́kọ́ wádìí bóyá wèrè ò sí nílé yẹn. Kò pẹ́ tá a dé táwọn ọmọ tá a jọ ń gbá bọ́ọ̀lù fi lọ ń gbá a níbòmíì. Èmi ń gbá tèmi mọ́ ògiri. Ògiri ló sì máa ń borí.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ìyá wa gbàdúrà títí, aṣọ funfun wọn rin gbingbin fún òógùn. Lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ọsibítù. Àmọ́ òfin kan wà. Àwọn àgbà máa ń sọ pé, "Wèrè tó bá ti wọjà, kò gbóògùn mọ́." Ilé wa ò sì jìnnà sí Ọjà Igbó. Nítorí ẹ̀, bí mo bá ń mú Bùọ̀dá Débọ̀ lọ gba abẹ́rẹ́, ẹ̀yìnkùlé onílé ni à ń gbà, àárín ààtàn, abẹ́ okùn ìsáṣọ, kí ẹsẹ̀ ẹ̀ má baà kan ọjà.

Oògùn náà mú ara ẹ̀ gan bí igi, itọ́ ń dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ òwú létí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, "O wọ bàtà sódì." Inú mi dùn débi pé mo ń wọ̀ ọ́ sódì lọ bẹ́ẹ̀, bóyá á tún sọ ọ́.

Ìgbà tó ń gbádùn bọ̀ yìí náà ló ṣẹlẹ̀. À ń ti ọsibítù bọ̀, wọ́n ti gbẹ́ gọ́tà dí ẹ̀yìnkùlé. Ó wo kòtò, ó wo oòrùn, ó kọrí sọ́nà ọjà. Mo di aṣọ ẹ̀ mú, mo fẹsẹ̀ talẹ̀. Ó wọ́ mi lọ bí ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Kò pariwo, kò sọ̀kò. Ó ń kí àwọn aláta bó ṣe ń lọ. Ó lọ tààrà síbi tí ìyá wa ti ń ta ọṣẹ dúdú, ó jókòó sórí àpótí, ó ní, "Ẹ kú ọjà, mọ́mì. Òùngbẹ ń gbẹ mí."

Ìyá wa ò bu omi. Wọ́n káwọ́ lérí. Obìnrin tó ń ta iyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló kọ́kọ́ ké, "Yéè! Ó ti wọjà o!" Ariwo náà ń ti ìsọ̀ kan bọ́ sí ìsọ̀ kejì. Èmi ni mo bu omi fún un.

Bàbá Alágbẹ̀dẹ, ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó di olórí ilé lẹ́yìn tí bàbá wa kú, fẹnu lé e nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà: "Ó parí. Ẹni tó bá tún gbé e lọ ọsibítù, omi ló ń pọn sínú ajere." Bí wọ́n ṣe dá oògùn dúró nìyẹn, tí wọ́n fi í sí yàrá ẹ̀yìn. Òwú padà sétí. Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn lẹ́yìn iléèwé, màá kígbe pé, "Méje lọ́nà mẹ́jọ, ogójì!" Màá dúró. Kò sẹ́ni tó pè mí ní olódo.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń bá ìyá wa lé eṣinṣin tí kò tiẹ̀ fẹ́ràn ọṣẹ, ni nọ́ọ̀sì tó máa ń gún Bùọ̀dá Débọ̀ lábẹ́rẹ́ bá yà síwájú wa, ó fẹ́ ra ọṣẹ.

"Ìyá, Débọ̀ dà? Mi ò rí yín mọ́."

Ìyá wa wolẹ̀. "Ó ti wọjà, nọ́ọ̀sì."

"Ó wọjà? Kí ló rà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín."

"Mi ò fi yín ṣẹ̀sín. Ẹsẹ̀ ló fi wọjà, ọpọlọ ló ń ṣàìsàn. Àwọn tẹ́ ẹ̀ ń rí lọ́jà yẹn, oúnjẹ ni wọ́n bá débẹ̀. Àìtọ́jú ló ba tiwọn jẹ́, ọjà kọ́."

"Bàbá Alágbẹ̀dẹ ńkọ́? Wọ́n ní kò sí nǹkan tá a tún lè ṣe."

"Ẹ mú àwọn náà wá."

Lọ́jọ́ kejì, ìyá wa ò gba ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n di ọwọ́ ọmọ wọn mú, wọ́n gba àárín Ọjà Igbó kọjá lọ sí ọsibítù, wọ́n sì ń kí èèyàn lọ́tùn-ún lósì. Àwọn kan dáhùn.

Láyé ìsinsìnyí, àwọn ọmọ ń fi fóònù ya wèrè, wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Láyé tiwa, òkúta la fi ń lé e, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká parọ́. Mo ti ní kí wọ́n bá mi ka nǹkan nípa àìsàn náà. Orúkọ ẹ̀ ní òyìnbó, sikisofiréníà, bí wọ́n bá fún mi ní àpèkọ, òdo ni màá gbà. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ ìdí ẹ̀ tán. Ó lè rìn nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́. Wàhálà ọkàn wà níbẹ̀, igbó mímu wà níbẹ̀ fáwọn kan. Èpè kọ́. Àwọn olùwádìí kan ní ohùn tí wọ́n ń gbọ́ yẹn lè jẹ́ èrò ọkàn ẹni fúnra ẹni, tí ọpọlọ ò dá mọ̀ mọ́, tó wá ń dún bíi ti àlejò. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Èmi tí mo rò pé èmi nìkan ni mo dá wà nínú yàrá yẹn ní Ọ̀yọ́, àṣé òun náà dá wà!

Bùọ̀dá Débọ̀ ò di tíṣà. Ó ń lo oògùn ẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò lábẹ́ igi máńgòrò, a sì jọ ń jẹun alẹ́. Láìpẹ́ yìí ni mo ṣọkàn akin, mo bi í pé, "Bùọ̀dá mi, àwọn ohùn ìgbà yẹn, kí ni wọ́n máa ń sọ fún yín?"

"Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ bá ẹ sọ̀rọ̀."

"Ṣé wọ́n ti wá dákẹ́ báyìí?"

"Rárá. Jẹun."