Àkàngbé Dọ̀bálẹ̀ Kó Tó Gbá Pẹnáritì

Ẹni tó bá ní Àkàngbé ò mọ bọ́ọ̀lù gbá, kó má jókòó síwájú mi. Onígbàjámọ̀ ni mí ní Ìdí-Òro, ní Mushin, ọwọ́ mi kì í gbọ̀n nídìí abẹ, ṣùgbọ́n tí mo bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Kí ni wọ́n ní ó ṣe? Wọ́n ní tíìmù mẹ́rin ló gbá fún láàárín ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ gbọ́ ná, ṣé ẹjọ́ tiẹ̀ ni? Láyé ìgbà yẹn, àwọn ilé-iṣẹ́ ló ni tíìmù. Nítorí ẹsẹ̀ ẹ ni wọ́n ṣe máa gbà ẹ́ síṣẹ́. Ọjọ́ tí góòlù bá gbẹ, wọ́n á ní kó o máa lọ. Bó ṣe kó búrẹ́dì ní Ótò nìyẹn, tó po ọ̀dà, tó ru ẹja yìnyín ní Ìjọra títí èjìká rẹ̀ fi bó.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà tó dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1968. Ògúntádé, aṣọ́lé tíìmù búrẹ́dì, ló gbà á sílé. Ó fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ. Ẹní kan náà ni wọ́n jọ ń sùn lé. Láràárọ̀, Ògúntádé á dúró láàárín òpó, á ní kí Àkàngbé máa gbá pẹnáritì sóun. Apá ọ̀tún Ògúntádé, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni Àkàngbé mọ̀. Ẹ̀gbọ́n á bú u títí, kò yí padà.

Ọdún 1977 wá dé. Orúnkún ti ń dun Àkàngbé, ilé-iṣẹ́ fóòmù kan ní Sùúrùlérè ló sì wà. Ọ̀gá ibẹ̀ sọ fún un pé tí wọ́n bá gba ife-ẹ̀yẹ àwọn ilé-iṣẹ́ lọ́dún yẹn, òun á fi í sídìí ilé ìkẹ́rùsí títí tó fi máa fẹ̀yìn tì, ì báà má gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Tí wọn ò bá gbà á, kó wá ibòmíì lọ. Ọmọ mẹ́ta ni Sìmíátù ìyàwó rẹ̀ ti bí. Ta ló fẹ́ gba atamátàsé tó ń tiro síṣẹ́?

Yábàá ni wọ́n ti gbá àṣekágbá. Ta ni wọ́n bá pàdé? Tíìmù búrẹ́dì! Ògúntádé ló ṣì ń ṣọ́lé fún wọn. Ọ̀mì góòlù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbá a dé ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, ni wọ́n bá gbá Àkàngbé lẹ́sẹ̀ níwájú ilé. Rẹfirí ní pẹnáritì. Mo fò sókè, fìlà mi ṣí lórí, mi ò rí i mọ́ dòní olónìí.

Ẹ̀yìn àwọ̀n ni mo wà, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ ketekete. Ògúntádé nawọ́ sí i láti ojú ilé.

“Àkàngbé, mo mọ ibi tó o máa gbá a sí.”

Ṣé ẹ mọ ohun tí Àkàngbé ṣe? Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko! Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín, gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ibẹ̀ náà ni mo fẹ́ gbá a sí.”

Ojú Ògúntádé yí padà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Èmi náà ò mọ èyí tí ǹ bá gbà gbọ́. Rẹfirí fun fèrè, Àkàngbé sáré, ó gbá a. Òsì ni Ògúntádé fò sí. Apá ọ̀tún ni bọ́ọ̀lù gbà wọlé, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́! Háà! Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ, o yà fún mi. A ya wọ pápá, a gbé Àkàngbé sọ sókè, inú mi dùn débi pé omi ń bọ́ lójú mi.

Ṣùgbọ́n ó ní ká sọ òun kalẹ̀. Ó tiro lọ bá Ògúntádé níbi tó jókòó sí nídìí òpó, ó tún fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n di apá rẹ̀ mú, kò jẹ́.

“Ọdún mẹ́sàn-án, o ò purọ́ fún mi rí,” ló wí. “Kí ló dé tí mo fi rò pé òní lo máa bẹ̀rẹ̀?”