Ọmọ Tí A Fi Sílẹ̀ ní Kùmáàsì

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni bàbá mi, abúlé kan lọ́nà Ifẹ̀wàrà ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n aṣọ ológun orílẹ̀-èdè Gáná ni mo bá lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí mo gbọ́njú. Ó ti wọṣẹ́ náà láti ìgbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba níbẹ̀, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń bèèrè ibi tí ọkùnrin ti wá, bó bá ṣáà ti lè wa ọkọ̀ tí kì í sì í mutí. Ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń kó àwọn ọmọ ogun ló ń wà. Ìyá mi ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo, ọmọ aláró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ṣòwò aṣọ ló mú un lọ sí Kùmáàsì, ibẹ̀ ni òun àti bàbá mi ti pàdé.

Inú bárékè ni mo dàgbà sí. A gbé Tàmálè, a gbé Tákóràdí, a tún padà sí Kùmáàsì. Bí mo bá ti ń mọ ọmọ tí mo lè bá ṣeré ni bàbá mi á wọlé, á ní ká dẹrù. Ìyá mi mọ ẹrù dì débi pé ìkòkò ọbẹ̀ lè wà lórí iná kó sì máa dẹrù lọ, tí a ó jẹun tán kí ọkọ̀ tó dé. Yorùbá là ń sọ nínú yàrá. Bí a bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà, èdè àwọn Àṣàńtì ló kù. Bàbá mi máa ń sọ fún wa pé a ní ilé. "Ulé" ló ń pè é, bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pè é, ìyá mi á sì máa fi í rẹ́rìn-ín.

Àwa méjì ni ìyá mi bí tó yè, èmi àti àbúrò mi obìnrin. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ já gaara. Ògiri kan ló wà láàárín yàrá wa àti ti ọ̀rẹ́ bàbá mi, ológun bíi tirẹ̀, ọmọ Àṣàńtì. Ìyàwó ọkùnrin náà kò bímọ. Màámè là ń pè é, orúkọ tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pe ìyá wọn. Ẹ̀yìn Màámè ni àbúrò mi sábà máa ń wà. Bí ìyá mi bá lọ ta aṣọ lọ́jà, kì í bèèrè ibi tó wà.

Nígbà tí wọ́n rán bàbá mi lọ sí ẹnubodè tó wà lọ́nà Lomé, a rò pé iṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ ni. Kò tíì pẹ́ tó lọ tí rédíò fi sọ pé kí gbogbo àjèjì tí kò níwèé kúrò nílùú. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún wa. Ìyá mi rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ó ní, "Ìwé wo? Ọkọ mi ni ìwé mi."

Ó mú mi dání, a lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá bárékè. Ọ̀gá náà kò kanra mọ́ wa. Ó ní òun mọ bàbá mi, ó ní kò sí awakọ̀ tó dára tó o. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ológun ni ọkọ rẹ, ìwọ àjèjì ni ọ́. Wọ́n á ti fi ẹlòmíràn sínú yàrá yẹn kí àsìkò tó pé." Ìyá mi bèèrè pé ṣé wọn ò lè dúró kí ọkọ òun padà dé. Ọkùnrin náà wo ojú fèrèsé, ó sì pe ẹni tó kàn.

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo nǹkan ti ń ya lulẹ̀. Àwọn obìnrin tí ìyá mi ń bá ṣàwàdà lọ́jà wá dúró síwájú ìsọ̀ rẹ̀, wọ́n ń wo aṣọ tí wọ́n máa mú bó bá lọ. Àwọn Yorùbá tó wà ní ìgboro ń ta bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń ta àga, ẹlòmíràn ń kó ewúrẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Bó ṣe ku ọ̀la kí àsìkò pé, ara àbúrò mi gbóná, ojú rẹ̀ pọ́n, gbogbo ara rẹ̀ sì sú. Èéyi ni.

Ìyá mi gbé e pọ̀n, a gbẹ́rù, a lọ síbi tí ọkọ̀ wà. Dírẹ́bà náà ṣí aṣọ lójú ọmọ, ó sì fà sẹ́yìn.

"Mi ò gbé ọmọ eléèyi. Wo gbogbo ọmọ tó wà nínú ọkọ̀ yìí."

Ìyá mi kúnlẹ̀ fún un lórí iyanrìn. Àwọn obìnrin tó wà nínú ọkọ̀ ń sunkún, síbẹ̀ kò sí èyí tó ní kí a wọlé. Wọ́n ní kó má bínú, wọ́n ní àwọn náà bímọ bíi tirẹ̀. Kò sí ọkọ̀ mìíràn. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tó kù sí ìgboro lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Màámè ti bá wa ru ẹrù débẹ̀. Òun ló sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Fi í sílẹ̀ fún mi. Bàbá rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá ti dé, inú ilé ni yóò bá a."

Dírẹ́bà fun fèrè ọkọ̀. Ìyá mi tú ọ̀já, ó gbé àbúrò mi lé Màámè lẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ló sì so ọ̀já náà, ó so ó le, ó tún fà á wò. Àbúrò mi ò tilẹ̀ sunkún. Ẹ̀yìn tó mọ̀ ni.

Èrò tí a bá lẹ́nubodè pọ̀ ju èyí tí mo lè sọ. Ènìyàn lórí ẹrù, ẹrù lórí ènìyàn, omi mímu ò sí. Okùn ni wọ́n ta dí ọ̀nà, àwọn ológun sì dúró tì í pẹ̀lú ìbọn. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí bàbá mi láàárín wọn. Mo kígbe pè é. Kò yíjú. Mo tún kígbe, ó wá wò wá, mo sì rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà.

Ó rìn wá. "Níbo lẹ ń lọ?" ló bi ìyá mi.

"Ṣé ibi tí ẹ ní ká máa lọ kọ́?"

"Kékeré ńkọ́?"

"Èéyi mú un. Dírẹ́bà kọ̀ ọ́. Mo fi í sọ́dọ̀ Màámè."

"O fi ọmọ mi sílẹ̀ nílùú tí wọ́n ti ń lé wa?"

"Ẹ̀yin ṣì wà níbẹ̀," ni ìyá mi wí. "Aṣọ wọn lẹ wọ̀. Ẹ lọ gbé e wá."

Ọ̀gá wọn pè é láti ẹ̀yìn. Bàbá mi fọwọ́ kàn mí lórí. Ó ní, "Èmi àti àbúrò rẹ la jọ ń bọ̀." Lẹ́yìn náà ló padà sídìí okùn, òun gan-an ló sì gbé e sókè kí a lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Bí a ṣe gba Lomé, tí a gba Kùtọnu, tí a sì dé Òṣogbo, mi ò rántí púpọ̀, àfi pé ìyá mi ò fẹ̀yìn ti nǹkankan lójú ọ̀nà. Ilé ìyá rẹ̀ ní Òkè-Baálẹ̀ la sọ̀kalẹ̀ sí. Ìyá àgbà jáde pẹ̀lú aró títí dé ìgúnpá, ó dì mọ́ wa, ó ń pe, "Alihamdulilahi, Alihamdulilahi." Ó wá wò yíká.

"Àbúrò rẹ̀ dà?"

Ìyá mi sọ fún un. Ìyá àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Láhàwùlá!" ló kàn ń wí.

Lójoojúmọ́ ni ìyá mi ń lọ sí gáréèjì. Ẹnikẹ́ni tó bá ti Gáná dé, á bi í bóyá ó rí ológun kan tó gbé ọmọ kékeré dání. Ogun ń jà nílùú tiwa náà nígbà yẹn. Ẹlòmíràn á bi í pé ológun wo, ti ibí àbí ti ọ̀hún? Àwọn ọmọ agboolé ń pè mí ní Ọmọ Gáná, wọ́n ń fi Yorùbá mi ṣẹ̀fẹ̀. Ìyá mi ò jẹun mọ́ bí ènìyàn. Bí wọ́n bá bu oúnjẹ fún un, á pín in sí méjì, á gbé apá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ bi í léèrè ẹni tó gbé e pamọ́ fún.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ kí bàbá mi tó dé. Ọ̀sán ni. Ó wọlé pẹ̀lú àpò kan. Ìyá mi dìde, kò kí i, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wò.

Bàbá mi ní nígbà tí òun padà dé bárékè, ẹlòmíràn ló wà nínú yàrá wa. Wọ́n ti gbé ọ̀rẹ́ òun lọ sí òkè, sí apá àríwá, ìyàwó rẹ̀ sì ti gbé ọmọ náà tẹ̀lé e. Ó ní òun tọrọ àyè kí òun lọ gbé e. Wọ́n ní iṣẹ́ òun ti parí, wọ́n gba aṣọ wọn, wọ́n fi òun sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ títí dé ẹnubodè.

Ìyá àgbà ní, "Ológun wo ni kò lè gba ọmọ tirẹ̀?"

Ìyá mi mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ tó ti gbá láàárọ̀.

Nígbà tí kò rí iṣẹ́, bàbá mi lọ sí abúlé wọn, ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe oko kòkó. Wọ́n ní kí n máa lọ dáná fún un. Bàtà ológun nìkan ni wọn ò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló ń wọ̀ lọ sóko. Lọ́jọ́ kan, a sá kòkó sójú oòrùn, òun ló ń ṣọ́ ọ. Òjò ṣú, ó sì bẹ̀rẹ̀. Mo ń sá bọ̀ láti wá kó o, mo bá a tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí òjò ń pa òun àti kòkó. Mo ní, "Bàbá, òjò!" Ó ní òun rí i. Ó ń sunkún. Èmi nìkan ni mo kó ohun tí mo lè kó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò bá a wí nígbà tó dé. Ó kàn mú un lọ́wọ́ wọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá mi ní òun ń lọ gbé ọmọ òun wá láti Gáná. Ogun ilé ti parí. Ìyá àgbà kó àdìrẹ jọ fún un kó lè rìn bí oníṣòwò. Bàbá mi mú mi padà wá láti abúlé sọ́dọ̀ ìyá àgbà, ó ní òun ló yẹ kó lọ.

"Wọ́n mọ ojú yín lẹ́nubodè," ni ìyá mi sọ. "Èmi, obìnrin ẹlẹ́rù ni mí. Ta ló máa wojú mi?"

Ó lọ. A ò gbúròó rẹ̀. Òjò tán, ọyẹ́ dé. Ẹnìkan ní wọ́n ń ti àwọn obìnrin Yorùbá mọ́lé ní Akra. Ìyá àgbà pa aró tì, ìkòkò rẹ̀ gbẹ. Bàbá mi ń wá láti abúlé, á jókòó lẹ́nu ọ̀nà, á tún padà. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ pín sí méjì.

Lọ́jọ́ tí ìyá mi dé, ẹsẹ̀ ọmọ tó pọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀. Àbúrò mi ti ga. Igbe ló ń ké, ó ń fi orí gbá ìyá mi lẹ́yìn. Àwọn ará agboolé sáré jáde, wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ń fọwọ́ kan ọmọ, igbe rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Kò gbọ́ Yorùbá rárá. Yàtọ̀ sí ìyá mi, èmi nìkan láàárín gbogbo wọn ni mo gbọ́ ohun tó ń sọ.

"Kí ló ń wí?" ni ìyá àgbà bi mí.

Mo ní, "Ó ní ká mú òun lọ sílé."

Ìyá mi tú ọ̀já, ó gbé e fún mi, ó wọ yàrá lọ.

Èmi ni mo ń bá a sọ̀rọ̀ ní gbogbo oṣù yẹn. Ọwọ́ mi nìkan ló ti ń jẹun. Bí bàbá mi bá dé, á jókòó sí ọ̀kánkán, kò ní sún mọ́ ọn, á kàn máa wò ó. Díẹ̀díẹ̀ ni Yorùbá wọ̀ ọ́ lẹ́nu, Yorùbá Òṣogbo tó dán mọ́rán ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ìyá àgbà ń pe ìyá mi lòun náà ń pè é, títí ó fi dàgbà. Ìyá mi ò bá a wí rí. Bàbá mi ò kúrò lábúlé mọ́, ìyá mi ò sì lọ bá a gbé. Wọn ò jà. Wọ́n kàn ń kí ara wọn bí àwọn tí wọ́n jọ ṣọ̀fọ̀.

Ìgbà tí àbúrò mi wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Iléṣà, tí a sìn ín dé ibẹ̀ tí a ń padà bọ̀, ni ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi. Ó ní nígbà tí òun dé bárékè tó wà lókè lọ́hùn-ún, ọmọ náà rí òun, ó sá sẹ́yìn Màámè. Màámè gba òun lálejò, ó se oúnjẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun wo ọmọ, ara rẹ̀ dá, ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Mo dìde, mo kí wọn, mo lọ. Mo lọ láìgbé e. Mo ti wà nínú ọkọ̀, mo ti sanwó."

Mo yíjú wò ó.

"Màámè ló sáré dé gáréèjì. Ó ti wẹ̀ ẹ́, ó ti fi òróró pa á lára. Ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí ọmọ máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní rárá. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti so ọ̀já yẹn mọ́ òun nídìí lòun ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ mi lójú ọ̀nà, pé òun ò lè tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó bọ́ ọwọ́ ọmọ kúrò lára aṣọ rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn ìkejì. Ó lọ, kò wẹ̀yìn."

Ọkọ̀ wa ti ń wọ Òṣogbo nígbà náà. Ìyá mi nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí gèlè, ó ní kí n wo abẹ́ àga bóyá bàtà òun wà níbẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ òun ti wú.