Ẹ́ńjìnnì Tí Ọkọ Mi Fi Sílẹ̀

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa kú, èmi gan-an ni mo sì pa á. Bí mo bá ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn, wọ́n máa ń yára sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi mi. Èmi ò wá ẹni tí yóò dá mi láre. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe, mo sì ṣe é.

Oko ọ̀pẹ ni mo ní, lẹ́yìn Òde-Ayé, níbi tí ọ̀nà ọ̀dà ti parí tí ẹrẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ló gbin èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀pẹ náà. Nígbà tó kú, ó fi oko sílẹ̀, ó sì fi ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan sílẹ̀, irú èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń fà bí ọ̀nà bá burú. Fóò-wíìlì là ń pè é nílé. Bí àkókò òjò bá ti dé ní agbègbè wa, kò sí ọkọ̀ mìíràn tó ń wọ oko yẹn. Ọ̀kadà pàápàá, ẹni tó gùn ún wọlé ló máa ń gbé e jáde.

Ọkọ mi ló kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà, lórí ọ̀nà oko yẹn náà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ bó bá ń kọ́ ènìyàn. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń tẹnu mọ́. Yóò fi ìka kan ibi tí iná kan wà níwájú awakọ̀, iná kékeré tó rí bíi kẹ́tùrù.

"Bí èyí bá pọ́n, pa ọkọ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Ọ́ìlì ló tán yẹn. Má sọ pé o kàn fẹ́ dé iwájú."

Lọ́jọ́ Ẹtì tí mò ń wí yìí, ìyàwó ọ̀kan lára àwọn tó ń bá mi gé ẹyìn ń rọbí ní abà. Láti ìdájí ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà obìnrin tó wà níbẹ̀ ti gbẹ̀bí rí dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn máa fi kan àtàrí, ọmọ ò wá, ẹ̀jẹ̀ ló ń wá. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. A tẹ́ fóòmù sẹ́yìn ọkọ̀, a gbé e lé e, ọkọ rẹ̀ jókòó, ó gbé orí rẹ̀ lé itan, ìyá àgbà kan sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Mo ṣíná.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Omi bo ojú ọ̀nà, a kò rí ohun tó wà nísàlẹ̀. Níbi tí ọ̀nà ti rẹlẹ̀ sínú àbàtà, nǹkan kan gbá abẹ́ ọkọ̀, kùkùté ni mo rò. A kọjá. Kò pẹ́ rárá, kẹ́tùrù pupa náà tàn.

Mo wo inú dígí. Ọkọ obìnrin náà ń bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n obìnrin náà ò dáhùn mọ́. Bí mo bá dúró, inú àbàtà la wà, kò sẹ́ni tí yóò gbà wá. Títí dé ọ̀dà yóò tó ogún ìṣẹ́jú. Mo mú àkísà tí mo fi ń nu dígí, mo fi bo iná náà, mo sì ń lọ.

Ẹ́ńjìnnì náà kọ́kọ́ ń lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni ń fi òòlù lu inú àgbá. Ìró náà ń le sí i, ara ọkọ̀ ń gbọ̀n, òórùn irin tó jóná kún ibi tí mo jókòó. Mo rí ọ̀dà níwájú. Táyà iwájú ṣẹ̀ṣẹ̀ gun orí rẹ̀ ni ó dún gbàù, èéfín bò wá, ohun gbogbo dákẹ́.

Bọ́ọ̀sì kan ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìrẹ̀lẹ̀, ó ń lọ sí Okitipupa. Awakọ̀ rí wa, ó dúró. Kò sẹ́ni tó bẹ àwọn èrò inú rẹ̀, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sọ̀kalẹ̀ tí wọ́n sì bá wa gbé obìnrin náà wọlé. Ní ilé ìwòsàn, iṣẹ́ abẹ ni àwọn dókítà fi gba ọmọ náà jáde. Ọmọbìnrin ni. Òun àti ìyá rẹ̀ yè é.

Èmi dúró ti ọkọ̀ létí ọ̀nà. Mo wo abẹ́ rẹ̀. Nǹkan bí ìka mẹ́ta ni ihò tó wà lábẹ́ agbada ọ́ìlì rẹ̀, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì náà sì dúdú. N kò sunkún. Àárẹ̀ ló mú mi, ebi sì ń pa mí.

Mẹkáníìkì tó ń bá wa tún ọkọ̀ náà ṣe ní Okitipupa jẹ́ ará Ìlàjẹ. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló kọ́kọ́ fi kọ́ṣẹ́ ní etí òkun kó tó wá sí ìlú wa. Ó ti tó ọmọ ọgọ́ta ọdún, kì í sì í kánjú. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Nígbà tó tú ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀, ó pè mí kí n wá fi ojú ara mi rí i. Ọ̀kan nínú àwọn irin tó gbé písítìnì ti já, ó sì ti gba ara búlọ́ọ̀kù, àpótí irin tó gbé gbogbo inú ẹ́ńjìnnì dúró, jáde. Mo lè ki ìkúùkù mi bọ ihò náà.

"Màmá, ọ̀nà méjì ló wà," ó ní. "A lè wá búlọ́ọ̀kù míì, kí n gbé kráńkì, ọ̀pá irin tó ń yí nínú rẹ̀, lọ sí Bìní kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí a ra písítìnì tuntun, kí a tò ó padà. Orí ẹ́ńjìnnì yìí ṣì dára. Tàbí kí a ra odidi ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, kí a gbé e sí i."

"Èwo lẹ máa ṣe tó bá jẹ́ tiyín?"

Ó nu ọwọ́. "Èyí tí mo bá tò fúnra mi, mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ó máa pẹ́. Tòkunbọ̀ yá, ṣùgbọ́n bí obì tí a kò tíì là ni. A ò mọ èyí tí kòkòrò wà nínú rẹ̀."

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó.

Àbúrò ọkọ mi ni ẹni kejì tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Òun ló ń bójú tó ẹbu tí a ti ń fún epo, tí ẹyìn ò bá sì dé ẹbu, kò sí ohun tí yóò fún. Ìyàwó ló máa ń pè mí, gẹ́gẹ́ bí àṣà, èmi náà sì máa ń pè é ní ọkọ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ orí wa ò jìnnà síra. Ó wá bá mi nílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Mo gbé púpurú àti ọbẹ̀ ẹja fún un. Ó jẹun tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó, ra tòkunbọ̀. Ẹyìn ń jẹrà sí ìdí ọ̀pẹ."

"Mo fẹ́ kó tún èyí tó wà níbẹ̀ ṣe."

"Kí ló dé?"

Mo sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ẹ́ńjìnnì yẹn ni ọkọ mi gbé wọ̀lú. Ní àràárọ̀ ni yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí yóò fa irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, tí yóò nù ún, tí yóò tún ki í bọ ibẹ̀ padà. Bí mo bá wà ní yàrá, mo máa ń mọ̀ bó bá ti ń bọ̀ láti oko, nítorí ìró ẹ́ńjìnnì yẹn yàtọ̀. Lẹ́yìn tó kú, èmi ni mò ń wà á, ìró náà ṣì wà. Mo ní n kò fẹ́ kí ohun tó kù nínú ohun tó fọwọ́ kàn di irin àlòkù nígbà tó ṣe é tún ṣe.

Àbúrò ọkọ mi wo ilẹ̀. Ó ní, "Irin ni, Ìyàwó." Ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì pé kó wá búlọ́ọ̀kù, kó tún un tò. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ díẹ̀, àwọn ọlọ́kadà ń bá wa kó ìdì ẹyìn méjì-méjì jáde, ìwọ̀nba tí wọ́n lè kó. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Mẹkáníìkì pè mí lórí fóònù, ó ní kí n mú ìwé ọkọ̀ bọ̀, òun fẹ́ mọ irú búlọ́ọ̀kù tí òun máa wá. Àbúrò ọkọ mi fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé mi lọ.

Ọkùnrin náà ti fi kẹrosíìnì fọ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì náà títí nọ́ńbà ara rẹ̀ fi hàn. Ó gbé ìwé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó gbé ìwé náà fún mi.

"Màmá, ẹ bá mi kà á. Ojú mi lè má ríran dáadáa mọ́."

Mo kà á. Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé àti èyí tó wà lára irin ò jọra. Ìbẹ̀rẹ̀ wọn pàápàá ò jọra.

"Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì tó bá ọkọ̀ yìí wá nìyí," ó ní. "Ẹnì kan ti pa á dà rí. Èmi kọ́."

Mo yíjú sí àbúrò ọkọ mi. Ó ti ṣí fìlà, ó dì í mú lọ́wọ́.

"Ọkọ mi, ẹ mọ̀ nípa èyí?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Ó sọ ọ́ níbẹ̀, ní ìdúró, láàárín àwọn táyà. Ó ti tó ọdún mẹ́fà. Odò kún, èmi sì ti sọ fún ọkọ mi láàárọ̀ ọjọ́ náà pé kó má gba ojú omi kọjá, kó dúró dọ̀la. Mo rántí ọjọ́ náà. A jà díẹ̀ lé e lórí. Ó gba ibẹ̀, omi wọ ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì sì fọ́. Òun àti àbúrò rẹ̀ wọ́ ọ lọ sí Bìní, wọ́n ra tòkunbọ̀, wọ́n gbé e sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n lò. Nígbà tó dé, rédíétọ̀ ló sọ fún mi pé àwọn lọ ṣe.

"Kí ló dé tí kò fi sọ fún mi?"

"Ó ní o ti kìlọ̀ fún òun, ojú ń ti òun. Ó ní kí n má sọ."

"Ó ti kú, ẹ ò sì sọ ọ́."

"Kò sọ fún mi ìgbà tí mo lè sọ ọ́, Ìyàwó."

Mẹkáníìkì lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan. Mo jókòó lórí àgá onígi tó wà níbẹ̀. Mo retí pé inú yóò bí mi, ṣùgbọ́n kò bí mi. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni bó ṣe jókòó sídìí oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ tó dé láti Bìní, tó ń ṣàlàyé rédíétọ̀ fún mi, níbi tó ti ń jò àti bí wọ́n ṣe jó o pọ̀. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀! Ó yẹ kí n ti mọ̀ nígbà náà. Mo rẹ́rìn-ín. Àbúrò ọkọ mi wò mí, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá ó láṣẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìdí tí mo kà sílẹ̀ fún títún un ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìró tí mo mọ̀ yẹn, ìró ẹ́ńjìnnì ẹlòmíì ni, láti ìlú tí n kò dé rí. Ó sì ti sìn wá fún ọdún mẹ́fà, bí kì í bá ṣe tèmi, ì bá ṣì máa ṣiṣẹ́. Mo pe mẹkáníìkì padà.

"Ọ̀gá, a ó ra tòkunbọ̀. Ṣùgbọ́n mo máa bá yín lọ."

A lọ sí Bìní lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn ẹ́ńjìnnì tó wà níbẹ̀ pọ̀, wọ́n tò wọ́n sórí táyà bí ẹni to iṣu. Àkọ́kọ́ tí wọ́n fi hàn wá mọ́, ó ń dán. Mẹkáníìkì ṣí ìdérí ojú ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ó sì yí i sókè. Inú rẹ̀ funfun bí ògì. Ó ní omi ti pò mọ́ ọ́ìlì nínú èyí, ó dé e padà, a kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ń tà á ń pè wá títí a fi yà sí ìlà kejì.

Èkejì dọ̀tí. Ẹni tó ni ín gbé bátìrì sílẹ̀, ó so wáyà mọ́ ọn, ó ṣíná níbẹ̀ lórí ilẹ̀. Mẹkáníìkì mú irin gígùn kan, ó fi orí rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì náà, ó fi ìdí rẹ̀ kan etí ara rẹ̀. Ó dijú. Ó gbé e láti ibì kan sí ibì kejì bí dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn. Lẹ́yìn náà ó na irin náà sí mi.

"Ẹ gbọ́ ọ, Màmá. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tó ń kan ara wọn, ẹ sọ fún mi."

Mo gbọ́ ọ. Ìró kan ṣoṣo ni, ó ń lọ déédéé, kò sí ohun tó ń kan ara wọn nínú rẹ̀. Mo ní kí a gbé e.

Kò wọ inú ọkọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn ẹsẹ̀ tó yẹ kó gbé e ò bára mu, àwọn tó ń jó irin ní Okitipupa ló gé òmíràn tí wọ́n sì jó o mọ́ ọn. Mo ní kí wọ́n tún fi irin pẹlẹbẹ kan bo abẹ́ agbada ọ́ìlì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ mẹ́wàá kí ọkọ̀ náà tó jáde. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́, mẹkáníìkì yọ orí rẹ̀, ó fi pamọ́, ó ta ìyókù fún àwọn tó ń ra irin. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ wò ó kí wọ́n tó gbé e lọ. Mo ní rárá.

Ẹ́ńjìnnì tuntun yìí ò lágbára tó ti tẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Bí ẹrù bá wúwo, ó máa ń mí gúlegúle lójú gíà kìíní, mo sì ti dín ohun tí mò ń kó kù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń wọ oko báyìí kí n tó kó ohun tí mo máa ń kó lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹyìn ti mọ̀ pé ìrìn kejì máa ń bọ́ sí ìrọ̀lẹ́, wọ́n á dúró dè mí. Wọ́n á gun orí ìdì ẹyìn, wọ́n á fi àpò tẹ́ ìdí nítorí ẹ̀gún, èmi á sì máa sọ wọ́n kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí a ó fi dé ẹbu.